Eré Tí Kò Ní Àtúnṣe: Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Lè Fi Eré Tààrà Ṣe Àjọ̀dún Eré Onípele

Ní ọdún 2028, yóò pé 60 ọdún tí Village Headmaster kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, yóò pé 20 ọdún tí Tinsel bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2029, tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ yóò pé 70 ọdún ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àjọ̀dún mẹ́ta rèé láàárín ọdún méjì. Bí a bá sì ní ká ṣe é bí a ti máa ń ṣe é, kò sẹ́ni tí kò mọ bí yóò ṣe rí: àsè nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ọ̀rọ̀ ìkíni láti ẹnu àwọn lọ́gàá-lọ́gàá, àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn àgbà òṣèré tó ṣẹ́ kù, kí oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Òǹwòran tó ti fi ọdún gbọọrọ jókòó ti eré náà kò ní rí ìpín kankan gbà níbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí eré onípele bá pé ọdún ńlá, wọn a máa ṣe apá kan rẹ̀ ní tààrà: bí òṣèré ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ni ó ń dé ilé òǹwòran, kò sí pé wọ́n dá a dúró, kò sí pé wọ́n gé e, kò sí pé wọ́n tún un ṣe. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn, láti Ìjàrà-Ìsin níbí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí a ti jẹ́ òǹwòran ju olóòtú lọ. Ṣé ó yẹ ká ṣe irú rẹ̀? Ṣé agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa? Báwo ló sì ṣe yẹ kó rí bí ó bá jẹ́ àwa la fẹ́ ṣe é? Èrò tèmi ni pé ohun ìní wa ni eré tààrà, a kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìgbáradì ni, a sì gbọ́dọ̀ gbé ìgbáradì náà ka orí irú òṣèré tí a ní.

Ní tààrà ni a ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sórí téèpù ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé nígbà náà ni. Ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ Ampex kọ́kọ́ gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, owó ẹyọ kan rẹ̀ sì ju dọ́là 40,000 lọ. Ilé-iṣẹ́ tuntun kò lè máa lé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kiri. Nítorí náà, yàtọ̀ sí fíìmù tí wọ́n rà láti òkèèrè, ohun tí wọ́n bá ṣe nínú situdíò, ojú ẹsẹ̀ ni ó ń lọ: ìròyìn, orin, ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àti eré.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, WNTV gbé eré Wọlé Ṣóyínká kan tó ń jẹ́ My Father's Burden sáfẹ́fẹ́. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ni ó darí rẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó wá dá Village Headmaster sílẹ̀, tó kọ́kọ́ jẹ́ eré rédíò kí ó tó bọ́ sórí tẹlifíṣàn ní ọdún 1968. Ẹni tó fún wa ní eré onípele tí a kò gbàgbé, inú situdíò tí kò fàyè gba àtúnṣe ni ó ti kọ́ iṣẹ́.

Àwọn ọ̀gá eré orí ìtàgé náà gba ibẹ̀ kọjá. Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládipọ̀ àti Moses Ọláìyá tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá gbé eré wọn dé Ìbàdàn. Ìgboro ni wọ́n ti wá, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré lálaalẹ́ níwájú èrò tó lè pàtẹ́wọ́, tó sì lè pariwo lé wọn lórí. Ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ó sì yọrí kì í ṣe ìdánwò lójú wọn, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Ilẹ̀ Ìgbómìnà náà ní tirẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan, Ade Love, ọmọ Àgbámù, darí ẹgbẹ́ eré tó ń ti ìlú dé ìlú kí ó tó di gbajúmọ̀ oní-fíìmù. Kí gbogbo wọn sì tó dáyé ni eégún ti ń jó ní ojúde ọba. Bí eégún Ẹléwe bá jáde ní ilẹ̀ wa, onílù, oníjó àti òǹwòran jọ wà níbẹ̀ ni. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ é, gbogbo ìlú ló rí i; bí ó bá sì jó o dé ojú ẹ̀, gbogbo ìlú náà ló rí i.

Ohun tí téèpù fún wa, ohun tí ó gbà

Kò yẹ ká bú téèpù. Òun ni ó jẹ́ kí eré kan náà lè dé Ṣókótó, Ẹnúgù àti Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n dá NTA sílẹ̀ ní ọdún 1977 tí gbogbo ibùdó tẹlifíṣàn di ti ìjọba àpapọ̀, téèpù ni ó sọ Village Headmaster di eré gbogbo orílẹ̀-èdè. Òun àti fíìmù náà ni ó jẹ́ kí Cock Crow at Dawn lè jáde kúrò nínú situdíò ní ọdún 1980, kí ó bọ́ sóko láàárín àwọn àgbẹ̀. Òṣèré tó bá ṣìsọ lè tún un sọ. Olùdarí tí òjò bá pa lè padà lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n téèpù ní ìwà kan tó ṣe wá ní jàǹbá. Ó ṣeé pa rẹ́, ó sì wọ́n. Káàkiri ayé, títí kan BBC, ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń pa eré àná rẹ́ kí wọ́n lè fi téèpù náà gba eré òní. Àwa náà kò yọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn òbí wa wò ní ọdún 1960 sí 1980 kò sí mọ́. Èyí tí wọ́n ṣe ní tààrà kò fi nǹkan kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n pa á rẹ́. A pàdánù eré tààrà, a tún pàdánù èyí tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Àjọ̀dún eré tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àkójọ eré àtijọ́ rẹ̀ ní láti wá ọ̀nà mìíràn láti fi ìtàn rẹ̀ hàn, ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì ni pé kí àwọn èèyàn tún dìde, kí wọ́n ṣe é lójú wa.

Ohun tí àwọn ará òkè òkun ti ṣe

Coronation Street ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ ká kọ́kọ́ wò, nítorí àwọn náà, ní tààrà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Apá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde láti Manchester ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1960, láìsí téèpù kankan. Nígbà tí ó pé 40 ọdún, wọ́n ṣe wákàtí kan ní tààrà ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2000. Ìtàn tí wọ́n fi ṣe é kò le rárá: àwọn ará àdúgbò ń jà kí ìjọba má bàa hú òkúta tí wọ́n fi tẹ́ òpópónà wọn. Ní ọdún 2010, nígbà tí ó pé 50, wọ́n tún ṣe wákàtí kan, ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí iná àti òkú tó tẹ̀yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin tó já lu òpópónà. William Roache, tó ń ṣe Ken Barlow láti apá àkọ́kọ́ ọdún 1960, wà nínú ti 2010 náà.

EastEnders bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1985. Ọjọ́ tí ó pé ọdún 25 géérégé, wọ́n ṣe apá kan ní tààrà tó dáhùn ìbéèrè tó ti wà lẹ́nu gbogbo ìlú fún oṣù méjì: ta ló pa Archie Mitchell? Àwọn tó wò ó lé ní mílíọ̀nù 15. Àṣírí náà le débi pé Lacey Turner, tó ń ṣe Stacey, kò mọ̀ pé Stacey ni apànìyàn àfi nígbà tí àkókò eré kù díẹ̀. Ní ọdún 2015, nígbà tí ó pé 30, wọ́n fi ọjọ́ bíi mélòó kan ti àwọn ìran tààrà bọ àárín èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Nínú ọ̀kan nínú wọn, Jo Joyner fẹ́ béèrè Ian, orúkọ Adam ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn orúkọ òṣèré tó ń ṣe Ian gan-an. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí ó pé 40, wọ́n jẹ́ kí òǹwòran dìbò lórí ọkùnrin tí Denise yóò yàn, wọ́n sì pa Martin Fowler nínú eré náà kan náà.

Ní Amẹ́ríkà, eré tààrà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. As the World Turns bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1956, ó sì ń lọ ní tààrà títí di ọdún 1975. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, orí afẹ́fẹ́ ni ó wà nígbà tí oníròyìn Walter Cronkite já a gbà láti kéde pé wọ́n ti yìnbọn lu Ààrẹ Kennedy. Àwọn òṣèré kò gbọ́. Nínú situdíò, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002, One Life to Live náà fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko padà sí eré tààrà.

Bí mo ti to gbogbo wọn jọ yìí, ohun kan hàn sí mi. Iná àti ìjàǹbá kọ́ ló ń mú apá tààrà dára. Ọkọ̀ tó já lulẹ̀, ọwọ́ téèpù ni ó ti dára jù, nítorí níbẹ̀ ni a ti lè tò ó dáadáa. Eré tààrà a máa lágbára nígbà tí ojú òṣèré bá jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, tí ìbéèrè kan sì wà tí òǹwòran fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òkúta òpópónà ti 2000 àti ìbéèrè apànìyàn ti 2010 kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà: ẹ wá ìtàn tó ń mú èèyàn wo ara wọn lójú.

Inú situdíò lọ́jọ́ náà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, kí ó wo ìran kan ṣoṣo. Ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Kámẹ́rà mẹ́rin ló dojú kọ wọn. Ìkíní ń mú ojú ìyá, ìkejì ń mú ojú ọmọ, ìkẹta ń mú àwọn méjèèjì pọ̀, ìkẹrin ti sá lọ sí yàrá kejì níbi tí bàbá ti ń dúró de ìran tó kàn. Àwọn tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ ní páálí pélébé lára ẹ̀rọ wọn, a ti kọ nọ́ńbà àwòrán kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò mú sí i. Nínú yàrá ìdarí, olùdarí ń wo àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì láti kámẹ́rà dé kámẹ́rà, àti ẹni kẹta tó ń ka nọ́ńbà àwòrán àti àkókò láìdákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ́nu ìyá ni ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yí sí ojú ọmọ. Bí ìyá bá fo ọ̀rọ̀ yẹn, ojú tí kò yẹ ni a ó máa wò.

Nínú yàrá eré fúnra rẹ̀, alábòójútó kan wà tó ń gbọ́ olùdarí létí. Òun ni ojú àti ẹsẹ̀ olùdarí níbẹ̀. Ó ń juwọ́ sí òṣèré pé kí ó yára, kí ó falẹ̀, kí ó bọ́ sí ìran tó kàn. Láyé ọjọ́un ní BBC, bọ́tìnnì kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé ìwé eré. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, a ó tẹ bọ́tìnnì náà, ohùn yóò kú lórí afẹ́fẹ́, a ó rán òṣèré létí ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó sì tú bọ́tìnnì náà sílẹ̀. Òǹwòran nílé yóò rò pé tẹlifíṣàn òun ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni aago. Orí ìtàgé, bí èrò bá ń rẹ́rìn-ín, òṣèré lè dúró dè wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ orin náà lẹ́ẹ̀kejì, a lè tún un kọ. Lórí tẹlifíṣàn, ìpolówó ọjà ní ìṣẹ́jú tirẹ̀, ìròyìn NTA aago mẹ́sàn-án alẹ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí a máa kọ ìran kan tàbí méjì tó ṣeé fà gùn tàbí gé kúrú sí apá ìparí eré, kí wọ́n lè fi wọ́n bo àkókò tó bá yingin. Wọn a máa ṣe ìdánrawò gbogbo eré náà látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ọjọ́ náà tó pé.

Ohun tó burú jù náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1958, wọ́n ń ṣe eré kan tó ń jẹ́ Underground ní tààrà láti Manchester, Ted Kotcheff ló ń darí rẹ̀. Gareth Jones, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré, ṣubú láàárín ìran méjì, ó sì kú. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó pé kò dé. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n wá àlàyé fún àìdé rẹ̀, Kotcheff yí kámẹ́rà padà bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí, eré náà sì dé òpin. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé ìwé eré kọ́ ló gba wọn lọ́jọ́ náà, bí kò ṣe pé wọ́n mọ ìtàn náà dé ọpọlọ.

Ẹ̀bùn wa, ìṣòro wa

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òṣèré Yorùbá tó ti inú ẹgbẹ́ eré jáde kì í há ìwé sórí. Olórí ẹgbẹ́ a sọ ìtàn fún wọn, a sọ ibi tí ìran yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí, òwe, àṣà àti èébú inú rẹ̀ sì di ti òṣèré. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Ọ̀yìn Adéjọbí ṣe ń ṣiṣẹ́, tí Kóòtù Aṣípa wọn fi wọ ilé gbogbo èèyàn láti NTA Ìbàdàn. Irú òṣèré bẹ́ẹ̀, bí Gareth Jones mẹ́ta bá ṣubú, eré kò ní dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan pàtó. Bí òṣèré bá fi òwe méjì kún un kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, àwòrán yóò pẹ́. Bí ó bá sì gba ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀, àwòrán kò ní yí rárá. Ẹ̀bùn tó lè gbà wá náà ló lè dà á rú. Ẹni tó bá kàn gbé ọ̀nà BBC wá láìyí nǹkan kan padà, yóò fún òṣèré wa ní ìwé láti há sórí, wọn yóò sì di igi gbígbẹ níwájú kámẹ́rà. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n máa ṣe bó ṣe wù wọ́n, aago yóò dójú tì í.

Àbá tèmi ni pé kí a yan ìran tó gba àwọn méjèèjì láàyè, irú rẹ̀ sì wà nínú eré wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ wo ìgbìmọ̀ Ọlọ́jà, ìyẹn ọba inú eré náà, ní Village Headmaster. Kábíyèsí jókòó sórí àga, Olóyè Ẹlẹ́yinmi wà níbi tirẹ̀, Balógun níbi tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rìn káàkiri. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ kí Kábíyèsí, kí gbogbo ojú tó yí sí i. Olùdarí lè fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní agbègbè tirẹ̀ dípò nọ́ńbà àwòrán: ìwọ mú ọba, ìwọ mú àwọn olóyè apá ọ̀tún, ìwọ mú ẹni tó wá ro ẹjọ́. Ìkíni tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ló máa sọ fún ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì pé kí ó múra. Kóòtù Aṣípa náà rí bẹ́ẹ̀: adájọ́ wà lókè, olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ wà nísàlẹ̀, èrò wà lẹ́yìn. Ìlànà ààfin àti ti kóòtù ti to ìran náà sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Ohun tó kù ni pé kí ìgbìmọ̀ náà ní ìdájọ́ kan láti dá lálẹ́ ọjọ́ náà, kí òǹwòran má sì mọ ibi tí yóò yọrí sí.

Èèyàn wà, iná ńkọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé a kò ní òṣìṣẹ́ tó mọ eré tààrà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú kámẹ́rà nínú ilé ìjọsìn ńláńlá ń gbé ìsìn olówákàtí mélòó kan sáfẹ́fẹ́ láìsí àtúnṣe. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ẹni tó ń rìn láìròtẹ́lẹ̀, bí a ṣe ń fojú sọ́nà fún ìgbà tí akọrin yóò gbé orin, bí a ṣe ń yí sí ojú èrò lásìkò. Àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù àti Big Brother Naija sáfẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn olùdarí eré. Ohun tó ṣe kókó ni kí a so wọ́n pọ̀, kí wọ́n bá ara wọn ṣe ìdánrawò, nítorí ẹni tó mọ ìwàásù kò tíì mọ eré, ẹni tó sì mọ fíìmù kò tíì mọ aago.

Iná ni ìṣòro kejì, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Ti situdíò rọrùn láti yanjú: jẹnẹrétọ̀ méjì, kí èkejì ti máa ṣiṣẹ́ kí èkíní tó kú, kí bátìrì sì gbé kámẹ́rà àti yàrá ìdarí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tó wà láàárín. Ti ilé òǹwòran ni kò rọrùn. Ní ìlú bíi Ìjàrà-Ìsin, kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé iná yóò wà ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kan pàtó, jẹnẹrétọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ epo tó wọ́n. Eré tí a ṣe ní tààrà tí ìdajì orílẹ̀-èdè sì wà nínú òkùnkùn, àjọ̀dún àwọn tó wà ní Èkó àti Àbújá nìkan ni.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Àkọ́kọ́, kí rédíò gbé e pọ̀ mọ́ tẹlifíṣàn lákòókò kan náà. Rédíò ni Village Headmaster ti wá, rédíò oníbátìrì kò sì bẹ̀rù òkùnkùn. Bí òǹkọ̀wé bá mọ̀ pé àwọn kan kàn ń gbọ́ ni, yóò fi orúkọ pe ẹni tó bá wọlé, ọ̀rọ̀ yóò sì gbé ìran. Èkejì, kí wọ́n tún un gbé jáde lálẹ́ ọjọ́ náà àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀, láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta, kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé-ìwé ṣí gbọ̀ngàn sílẹ̀ kí ará ìlú lè wò ó pọ̀. Nígbà tí tẹlifíṣàn kò ju ẹyọ kan lọ ní àdúgbò, àgbàlá onílé ni gbogbo ọmọdé máa ń kún. Fóònù ti mú kí oníkálukú máa dá wo tirẹ̀ ní ìgbà tó wù ú. Eré tààrà wà lára àwọn ohun díẹ̀ tó ṣì lè mú kí gbogbo wa wo nǹkan kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, bẹ́ẹ̀ ni apá tó pọ̀ nínú iyì rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìbò tí EastEnders lò ní ọdún 2025, mi ò gbà á níyànjú fún wa. Netiwọ́ọ̀kì kò dọ́gba láti ìlú dé ìlú. Ìbò tí ará Ìkẹjà rí dì ní ìgbà mẹ́wàá kí ti ará Ìsin tó wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò yẹ kó pinnu ìtàn tí gbogbo wa ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé eré náà wá sí ìgboro ìlú wa. Yóò wù mí kí a rí òkè àti òrùlé Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n òjò, ariwo àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán lọ sókè sí sátẹ́láìtì ti pọ̀ jù fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú situdíò ni kí ó wà. Bí wọ́n bá fẹ́ fi abúlé hàn, kí wọ́n gba ìyẹn sílẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún òǹwòran.

Ta ni yóò ṣe é, kí ni yóò sì kù lẹ́yìn rẹ̀?

Ọdún 20 ni Village Headmaster fi wà lórí tẹlifíṣàn, títí di 1988, kí NTA tó tún gbé e padà ní àwọ̀ tuntun ní ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí ó dà ti lọ. Ṣẹ́gun Olúṣọlá kú ní 2012, Justus Esiri ní 2013, Femi Robinson ní 2015. Fúnṣọ́ Adéolú tó ṣe Ẹlẹ́yinmi di Aláyé Òdè-Rẹ́mọ gan-an kí ó tó wàjà ní 2008. Amebo tí Ìbídùn Allison ṣe ṣì wà lẹ́nu gbogbo ọmọ Nàìjíríà, kódà lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ pé èèyàn kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú eré. Èyí mú kí iṣẹ́ náà jẹ́ kánjúkánjú. Àwọn àgbà tó ṣì wà kò yẹ ní àwọn tí a ó pè wá gba àmì-ẹ̀yẹ lásán. Ìjókòó ìgbìmọ̀ ló yẹ ká fún wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ láti sọ, àti àwọn ọ̀dọ́ òṣèré tí wọn yóò fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Tinsel, tó ti ṣe apá 1,000 tẹ́lẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ti fi hàn pé situdíò Nàìjíríà lè gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ láìdúró. Kí ìmọ̀ wọn kún ti àwọn àgbà.

Owó ńkọ́? Kámẹ́rà mẹ́rin àti yàrá ìdarí kì í ṣe ohun tí NTA kò ní. Ibi tí owó yóò bá lọ ni ọ̀sẹ̀ ìdánrawò, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn olówó kì í fẹ́ náwó sí, nítorí kò ṣeé yà ní fọ́tò. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ polówó ọjà rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ìdánrawò ló ń ra. Bí ìdánrawò bá kúrú, kí wọ́n má ṣe é ní tààrà rárá. Kí wọ́n gbà á sílẹ̀ kó dára, ìyẹn tọ́ sí òǹwòran ju ìtìjú lọ.

Lákòótán, bí wọ́n bá ti ṣe é, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n gba kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n gba ìdánrawò sílẹ̀, kí wọ́n gba ohùn olùdarí nínú yàrá ìdarí sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé àti ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. WNTV ṣe eré tààrà ọdún mélòó kan, kò sì sí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní lè fi kọ́ iṣẹ́. Eré ọdún 2028 kò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Láti ìsinsìnyí sí ìgbà náà, àkókò tó láti kọ ìtàn, láti yan ìgbìmọ̀ Ọlọ́jà, láti kó àwọn ọmọ kámẹ́rà ilé ìjọsìn àti àwọn olùdarí eré jọ. Bí NTA bá kọ́kọ́ sọ ọjọ́, ìyókù yóò tẹ̀ lé e. Kí wọ́n sọ ọjọ́.